Tapólì Lórí Àwòrán Òkúta

Ẹ̀wà ni mò ń ṣà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn nígbà tí afẹ́fẹ́ yí padà. Mo ti ṣà á dé ìdajì. Òkúta wẹ́wẹ́ mẹ́rin ni mo ti yọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ọwọ́ mi sì ti ba ẹ̀karùn-ún, ni mo bá gbọ́ ohùn bàbá tó ń sá kòkó nínú ọgbà wa. Ó ń sáré bọ̀ láti ẹnu géètì.

"Ìyá Ìjọ, òjò ti dé o. Ẹ má wojú ọ̀run, tapólì ni kẹ́ ẹ gbé."

Ní Ìdànrè, nígbà kòkó, ẹni tó bá gbọ́ irú ìpè bẹ́ẹ̀ kì í jókòó rò ó. Ẹni tó ń jẹun á fi òkèlè sílẹ̀. Ẹni tó ń wẹ ọmọ á gbé ọmọ sílẹ̀ tòun ti ọṣẹ lára. Ọwọ́ ló máa ń kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, orí á wá tẹ̀ lé e tó bá yá. Mo dìde, ẹ̀wà dà sílẹ̀. Bàbá náà ti na tapólì tirẹ̀, ọ̀rá ńlá tí òjò kì í là kọjá, bo kòkó. Èmi mú èkejì, ti ilé, tó wà ní kíká lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, mo sáré lọ sí ìpẹ̀kun pèpéle níbi tí ohun tèmi wà, mo nà án bò ó, mo gbé òkúta mẹ́rin lé igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Lẹ́yìn náà ni mo fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì tẹ àárín rẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa kí afẹ́fẹ́ má baà ráyè wọ abẹ́ rẹ̀, bí a ṣe ń ṣe sí kòkó.

Ohun tó wà lábẹ́ ọwọ́ mi rọ̀ bí ẹ̀kọ tí kò tíì dì. Ìgbà yẹn ni orí mi dé. Kì í ṣe kòkó ni mo bò. Àwòrán ni, ọ̀dà ara rẹ̀ kò sì tíì gbẹ.

Òjò ti bẹ̀rẹ̀. N kò lè ṣí i, n kò sì lè fi í sílẹ̀. Mo dúró tì í nínú òjò, aṣọ lẹ̀ mọ́ mi lára, bàbá oníkòkó sì ń bi mí láti abẹ́ òrùlé pé kí ni mò ń ṣọ́ níbẹ̀.

Ó yẹ kí n sọ bí àwòrán ṣe dé orí pèpéle tí wọ́n ń sá kòkó sí.

Ilé tí mò ń tọ́jú wà lọ́nà Aládé. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ló ni ín, Bàbá la sì ń pè é. Àkúrẹ́ ló ń gbé báyìí lọ́dọ̀ àkọ́bí rẹ̀, nítorí ojú tí wọ́n ń tọ́jú fún un ní ọsibítù. Ọdún kẹfà nìyí tí mo ti ń gbá ilé náà, tí mò ń ṣílẹ̀kùn, tí mò ń tì í. Yàrá kan wà lẹ́yìn, ibẹ̀ ni mò ń sùn. Nígbà tí ọkọ mi kú, àwọn ẹbí rẹ̀ ní àwọn nílò yàrá tí a wà, n kò sì bí ọmọ tí mo lè lọ bá gbé. Yàrá ẹ̀yìn yẹn nìkan ni òrùlé tí mo ní. Ọkùnrin tó wà níbẹ̀ ṣáájú mi fi fèrèsé sílẹ̀ ní ṣíṣí lọ́jọ́ kan, òjò sì pa ìwé Bàbá. Wọ́n ní ọ̀sán ọjọ́ kejì kò bá a nínú ilé náà. Kò sẹ́ni tó pariwo mọ́ ọn. Ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù jù nínú ìtàn náà, pé kò sẹ́ni tó pariwo.

Àbíkẹ́yìn Bàbá, obìnrin, Èkó ló ń gbé. Àwòrán yíyà ni iṣẹ́ rẹ̀, òun ló sì fi ń jẹun. Mo jù ú lọ ní ohun tó lé lọ́dún mẹ́wàá, ṣùgbọ́n Àǹtí ni mò ń pè é torí pé ọmọ onílé ni. Òun náà ń pè mí ní Màámi. Ó wá nígbà tí kòkó bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, ó lo ọ̀sẹ̀ méjì nínú yàrá tó kọjú sí òkè, àwòrán kan ṣoṣo ló sì yà. Mo fi tépù wọ̀n ọ́n lẹ́yìn tó lọ, láìfi tépù kàn án: ó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta, ó ga ní ẹsẹ̀ bàtà méjì àti íǹṣì mẹ́rin.

Àwòrán òkúta aṣálẹ̀ ni. Bàbá ti ṣiṣẹ́ tíṣà lókè Ọya lọ́hùn-ún nígbà tó wà ní ọ̀dọ́, níbi tí ilẹ̀ ti ń di iyanrìn. Ó máa ń sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ nípa àwọn òkúta pupa tó dá dúró níbẹ̀ bí ẹni pé ẹnì kan rù wọ́n wá, tó sì gbàgbé wọn síbẹ̀. Fọ́tò kan ló ní nípa wọn, dúdú àti funfun, kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Àǹtí náà ti lọ wò wọ́n lẹ́ẹ̀kan kí ọ̀nà ibẹ̀ tó burú. Ojú Bàbá wá ń lọ díẹ̀díẹ̀, Àǹtí sì fẹ́ kí Bàbá tún rí wọn kí ojú náà tó lọ tán. Ó ní òun wá yà wọ́n ní Ìdànrè torí pé òun ti gbàgbé bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń gun òkúta, òkè tiwa ló sì lè rán òun létí. Tí ilẹ̀ bá mọ́, á gbé àga síta, á máa wo Òkè Ìdànrè. Á tún wò ó tí oòrùn bá ń wọ̀. Láàárín méjèèjì ló ń ṣiṣẹ́.

Kò fa ilà kankan. Ọ̀dà tí wọ́n fi òróró pò ló ń lò, òórùn rẹ̀ sì gba gbogbo ilé bíi ti kẹrosíìnì. Ọ̀bẹ kékeré kan tí kò mú ló fi ń bù ú lé aṣọ tí wọ́n nà mọ́ igi, pupa lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọ̀ àlùkò, àwọ̀ iyẹ̀pẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ funfun, kò sì pò wọ́n pọ̀. Bí mo bá sún mọ́ ọn, n kì í rí nǹkan kan ju oúnjẹ tí ọmọdé dà sílẹ̀ lọ.

"Ẹ padà sẹ́yìn, Màámi," ló máa ń wí. "Ẹ tún padà. Ẹ tún padà díẹ̀ sí i."

Nígbà tí ẹ̀yìn mi kan ilẹ̀kùn ni òkúta dìde nínú aṣọ náà. Ẹ̀rù bà mí. Ó jọ òkè wa, ṣùgbọ́n bí ẹni pé wọ́n bó awọ lára rẹ̀: kò sí koríko, kò sí igi, kò sí àtẹ̀gùn.

"Ta ló ń gbé ibẹ̀?" ni mo bi í.

"Kò sẹ́nì kankan, mà. Kò sí omi."

"Òkúta tí omi kì í ṣàn lára rẹ̀?"

"Ẹ̀yin náà, Màámi. Ṣé gbogbo òkúta ayé ló gbọ́dọ̀ ṣe bíi ti Ìdànrè ni?"

Orí òkè ni àwọn baba ńlá wa gbé kí wọ́n tó sọ̀kalẹ̀. Ní tèmi, ibi tí òkúta bá wà ni èèyàn wà. Èyí tó wà nínú àwòrán dà bí ìlú tí gbogbo ará rẹ̀ ti lọ, tí kò sì ku ẹni tó máa sọ ibi tí wọ́n lọ.

Àǹtí bu ọ̀dà náà nípọn gan-an. Ó ní bó bá di ọjọ́ kan tí Bàbá kò rí i mọ́, kó lè fi ìka tọ òkúta náà láti ìdí dé orí. Nígbà tó ń padà sí Èkó, ó gbé e jókòó sórí àga, ó ní:

"Kò ní gbẹ kíákíá o, mà. Ó lè tó oṣù mélòó kan. Ẹ sáà máa ṣí fèrèsé fún un lọ́sàn-án, kẹ́ ẹ máa tì í tílẹ̀ bá ń ṣú. Kí ohunkóhun má kàn án. Mo máa padà wá mójú tó o."

Mo ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Òjò ń rọ̀ lójoojúmọ́. Lọ́jọ́ kẹwàá, mo rí nǹkan funfun bí ìyẹ̀fun lára ògiri, kò sì jìnnà sí ẹ̀yìn àga náà. Ẹni tó bá dàgbà láàárín kòkó mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Kòkó tí kò bá gbẹ á bu, tó bá sì ti bu, ó ti parí. Mo fi orí ìka kan etí àwòrán náà, ìka mi pupa. Ọ̀rọ̀ Àǹtí pé ó lè tó oṣù mélòó kan wá dà bí ọ̀rọ̀ ẹni tí Èkó ti mú gbàgbé ilé. Kí ni nǹkan tútù tí a kì í sá sóòrùn?

Oòrùn là lọ́jọ́ kọkànlá. Mo gbé e jáde ní aago mẹ́wàá, mo tẹ́ ẹ sórí pèpéle ní ibi tí kòkó kò dé, mo kọjú rẹ̀ sókè. Mo lé ewúrẹ́ jìnnà. Inú mi dùn bí mo ṣe ń wò ó láti ọ̀dẹ̀dẹ̀, torí mo rò pé mo ṣe ohun tí ẹnì kankan kò rán mi, mo sì ṣe é dáadáa. Aago méjì kò tíì lù tí òjò fi dé.

Ó rọ̀ fún nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú. Nígbà tó dá, bàbá oníkòkó wá bá mi. Apá Ọ̀yọ́ lọ́hùn-ún ló ti wá, oko olóko ló ń bá wọn tọ́jú, Bàbá ló sì gbà á láyè kó máa lo pèpéle wa.

"Ẹ jẹ́ ká ká a lẹ́ẹ̀kan náà," ó ní.

"Rárá. Díẹ̀díẹ̀."

A ká a díẹ̀díẹ̀, kò yí nǹkan kan padà. Tapólì náà ń dún bí ìgbà tí wọ́n ń ṣí ewé lára ọ̀lẹ̀lẹ̀ tí kò jinná. Omi kò kan àwòrán náà rárá, mo ti bò ó dáadáa. Òkúta tó ga jù, èyí tó wà láàárín, ti tẹ́ pẹrẹsẹ, ìdajì ọ̀dà rẹ̀ sì bá tapólì lọ. Àmì àtẹ́lẹwọ́ mi méjèèjì wà níbẹ̀, ọ̀tún àti òsì. Mo ka àwọn ìka náà. Mẹ́wàá pé.

Bàbá oníkòkó tẹjú mọ́ ọn. "Ìyá Ìjọ, ṣé bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ nìyí?"

"Rárá."

"Mo rò bẹ́ẹ̀. Ẹ má bínú o, tẹ́lẹ̀ náà mi ò mọ ohun tó jẹ́. Mo rò pé ẹran lẹ̀ ń sá."

"Òkúta ni."

"Òkúta pupa?" Ó na ọwọ́ sí òkè tó wà lẹ́yìn wa. "Òkúta lẹ̀ ń wò yẹn. Ṣé ó pupa lójú yín?"

Ó wá rí ojú mi, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ẹ gbọ́. Ewúrẹ́ ni. Ewúrẹ́ ló tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀."

"Ewúrẹ́ wo ló ní ìka mẹ́wàá?"

"Ẹ mú àkísà, kẹ́ ẹ nu ìka yẹn kúrò. Èmi ò ní sọ fẹ́nì kan. Àwọn èèyàn yìí, ìwé nìkan ni wọ́n kà, wọn ò mọ̀wé ewúrẹ́."

N kò nù ún. Kì í ṣe pé mo jẹ́ olódodo ju ẹlòmíràn lọ. Ẹ̀rù ló ń bà mí láti tún fọwọ́ kàn án. Mo gbé e padà sórí àga bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, mo ti ilẹ̀kùn yàrá náà, mo ká tapólì, mo gbé e sábẹ́ ibùsùn mi.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Àǹtí pè mí lórí fóònù.

"Màámi, ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Àwòrán mi ńkọ́?"

"Ó wà."

"Ó wà dáadáa?"

"Ó wà dáadáa, Àǹtí."

"Ẹ ṣeun, mà. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ilé yín dàrú."

Mo ṣe àmín. Mo ṣe àmín sí àdúrà tí wọ́n gbà lé irọ́ lórí, mo sì jókòó sórí ibùsùn tí ẹ̀rí wà lábẹ́ rẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́fà ló wà láàárín ìyẹn àti ọjọ́ tí Àǹtí padà dé. Mo di ẹrù mi lẹ́ẹ̀mejì, mo sì tú u lẹ́ẹ̀mejì, nítorí pé ẹni tó bá lọ láìdágbére, olè ni wọ́n máa pè é. Àbúrò mi obìnrin wà ní Àtòsìn, yàrá kan ni òun àti ọkọ rẹ̀ àti ọmọ mẹ́rin ń gbé. Mo wọn ilẹ̀ yàrá náà nínú ọkàn mi, mo gbé ẹní mi síbí, mo gbé e sọ́hùn-ún, kò gbà. Bí ọkọ̀ bá fọn fèrè lójú ọ̀nà, mo máa ń sáré lọ wo ẹnu géètì. Lọ́jọ́ kẹta, mo pe Àǹtí kí n lè sọ òtítọ́. Kò gbé e. Nígbà tó pè mí padà, mo ní mo kàn ní kí n kí i ni.

Lójoojúmọ́ ni mo ń ṣí yàrá náà ní aago mẹ́wàá, mo sì ń ṣí fèrèsé gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ní kí n ṣe. Èmi ni mo ń padà sẹ́yìn fúnra mi títí ẹ̀yìn mi á fi kan ilẹ̀kùn. Òkúta náà kò dìde mọ́. Ó dà bí èèyàn tó dojú bolẹ̀ sórí iyanrìn. Mo ń wò ó, mo sì ń ronú pé èmi ni mo ṣe é, pé n kò lo ju ìṣẹ́jú kan lọ.

Ọjọ́ Sátidé ni ọkọ̀ wọlé. Mò ń gbálẹ̀. Àǹtí ló wà á, mo sì ti ń kó ọ̀rọ̀ jọ sẹ́nu, àfi bí ilẹ̀kùn kejì ṣe ṣí tí mo rí ọ̀pá Bàbá. N kò mọ̀ pé òun náà ń bọ̀. Mo kúnlẹ̀ síbi tí mo wà, nínú pàǹtí tí mo gbá jọ.

"Ẹ káàbọ̀, sà."

"Ṣé dáadáa lo wà?"

"Dáadáa ni, sà."

Àǹtí ń rẹ́rìn-ín. Ó di apá Bàbá mú. "Mo ní kí wọ́n wá wò ó níbí, Màámi, níbi tí mo ti yà á, kí òkè wà lójú fèrèsé. Ẹ bá wa ṣílẹ̀kùn."

A rìn dé ẹnu ọ̀nà yàrá náà. Mo ki kọ́kọ́rọ́ bọ ihò, n kò yí i.

"Àǹtí, mo bà á jẹ́."

"Ẹ ba kí ni jẹ́?"

Mo sọ ọ́. Èébu tí mo rí lára ògiri, oòrùn, òjò, tapólì, ọwọ́ mi. N kò mẹ́nu ba ewúrẹ́. Ohùn mi kéré débi pé Bàbá tẹ́ etí sí mi.

"Sọ̀rọ̀ sókè," ó ní. "Ojú ló ń dùn mí, etí mi ṣì ń gbọ́."

Mo tún un sọ látòkè délẹ̀, sókè. Ìkejì le ju ìkíní lọ.

Nígbà tí mo ṣílẹ̀kùn, Àǹtí lọ dúró níwájú àwòrán náà. Kò padà sẹ́yìn. Bàbá fi ọ̀pá wá ọ̀nà dé ibẹ̀, ó ní kí wọ́n gbé ọwọ́ òun lé e. Ìka rẹ̀ gun òkúta náà láti ìsàlẹ̀, ó dé àárín, ó dúró.

"Ibí yìí tẹ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ọwọ́ ta nìyí?"

"Ọwọ́ mi ni, sà."

Ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ tirẹ̀ sínú àmì náà, ọ̀tún sínú ọ̀tún. "Ó kéré sí tèmi," ló wí, bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Àǹtí yíjú sí mi. "Mo pè yín. Mo bi yín. Ẹ ní ó wà dáadáa. Ẹ tún pè mí, ẹ ní ẹ fẹ́ kí mi."

"Ẹ̀rù ló bà mí, Àǹtí."

"Ẹ̀rù kí ni?"

"Pé ẹ máa ní kí n máa lọ."

Mo rò pé wọ́n máa sọ pé rárá. Kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀. Bàbá na ọwọ́ sí mi.

"Kọ́kọ́rọ́."

Méje ló wà lórí òrùka náà. Mo yọ èyí tó wà lára ilẹ̀kùn, mo kó gbogbo rẹ̀ lé e lọ́wọ́. Ó fi ìka tọ́ wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan, èmi náà ń kà á lọ́kàn, títí ó fi dé orí ìkeje. Ó wá na kọ́kọ́rọ́ náà sí ọmọ rẹ̀.

"Ìwọ lo ni iṣẹ́, ìwọ ni wọ́n parọ́ fún. Èmi ò ní dá sí i." Ó kọjú sí fèrèsé, síbi tí òkè wà, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orí ọ̀pá.

Àǹtí bi mí pé níbo ni tapólì náà wà. Mo lọ mú un wá. Ó tẹ́ ẹ sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ tì í. Ìyókù òkúta náà wà lára rẹ̀, òdìkejì bó ṣe wà lórí aṣọ, pupa àti àlùkò, ó ti ń gbẹ díẹ̀ létí. Ó wò ó pẹ́ ju bó ṣe wo àwòrán lọ. Ó fi èékánná ha á níbì kan. Mo ń wá ojú rẹ̀ kí n lè mọ ohun tó wà níbẹ̀, n kò rí i. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ òsì rẹ̀ ní gbogbo àsìkò náà. Ọ̀pá Bàbá kan ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì. N kò mọ ibi tí mo máa gbé ọwọ́ mi sí, mo fi wọ́n pamọ́ sẹ́yìn.

Nígbà tó dìde, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó na kọ́kọ́rọ́ sí mi, kò sì tíì jọ̀wọ́ rẹ̀ nígbà tí mo dì í mú.

"Ẹ gbà, mà. Ẹ lọ ṣí yàrá tí mo máa sùn, torí mi ò lè padà sí Èkó báyìí; iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ gbé kọ́ mi lọ́rùn yìí. Ẹ má fọ tapólì yẹn o, mo ṣì máa lo òkúta tó wà lára rẹ̀. Ọ̀rọ̀ irọ́ yẹn, ó di ọ̀la ká tó sọ ọ́, kí inú mi kọ́kọ́ rọ̀ ná."